Ìwé Tí Kò Ṣeé Parẹ́ Kò Lè Sọ Irọ́ Di Òótọ́: Blockchain àti Ẹran Tí Wọ́n Ń Tà ní Largo

Láti nǹkan bí ọdún 2016 ni èrò kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, àwọn oníṣòwò ńlá àti àwọn tó ń kọ̀wé lórí ètò oúnjẹ, pé ohun tí kò jẹ́ kí ẹni tó ń jẹ ẹran mọ ibi tí ẹran náà ti wá ni pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ fọ́n káàkiri, ó sì ṣeé yí padà, àti pé bí wọ́n bá ti kó gbogbo rẹ̀ sórí ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní blockchain, irọ́ nípa orísun ẹran ti dópin nìyẹn. Àwọn tó gba èrò yìí gbọ́ máa ń ṣàpèjúwe oníbàárà tó na fóònù sí àmì onígun mẹ́rin kan lára ọ̀rá ẹran, tí orúkọ oko, ilé ìpẹran àti ọjọ́ tí wọ́n pa ẹran náà sì yọ sí i lójú ẹsẹ̀. Èrò náà dùn ún gbọ́, ọ̀pọ̀ olóòótọ́ ènìyàn ló sì wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà, nítorí kò mọ ibi tí wàhálà náà wà gan-an. Ibi tí àṣìṣe rẹ̀ ti hàn gbangba ni irú àwùjọ bíi Largo, ní Prince George's County, ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí àwọn Yorùbá ti ń ra ẹran ewúrẹ́, ṣàkì, bọ̀kọ́tọ̀ àti pọ̀nmọ́ lọ́wọ́ àwọn onísọ̀ kéékèèké, tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bójú tó ìlera gbogbo ènìyàn sì wà ní àdúgbò kan náà pẹ̀lú wọn.

Blockchain jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀, tí ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń gbé òǹkà ìdánimọ̀ èyí tó ṣáájú rẹ̀ dání. Òǹkà yìí jẹ́ èsì ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ṣe lórí gbogbo ohun tó wà nínú ìdìpọ̀ náà, débi pé bí ẹnikẹ́ni bá yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà, òǹkà náà kò ní bá ti tẹ́lẹ̀ mu mọ́, àṣírí ẹni tó yí i padà yóò sì tú. Ọdún 2008 ni ẹni tó fi orúkọ Satoshi Nakamoto bojú gbé ìwé jáde lórí bí owó bitcoin yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ lórí irú àkọsílẹ̀ yìí, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyàtọ̀ tó yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn ti bẹ̀rẹ̀. Bitcoin kò sí níbòmíràn ju inú àkọsílẹ̀ náà lọ. Ẹni tí ìwé bá ní ó ni ín ló ni ín, kò sì sí ohun kan lóde tí wọ́n lè gbé wá láti fi wé ohun tí ìwé wí. Òbúkọ kò rí bẹ́ẹ̀. Pápá ni òbúkọ wà, ẹnì kan ní láti wò ó kí ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀, ẹni náà sì lè ṣàṣìṣe, ó lè purọ́, ó sì lè má kọ ohunkóhun rárá. Blockchain ń dáàbò bo ohun tí wọ́n ti kọ, kò sì mọ nǹkan kan nípa bóyá òótọ́ ni wọ́n kọ. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá parọ́, ohun tí ẹ̀rọ náà ṣe fún un ni pé ó bá a pa irọ́ náà mọ́ títí láé, ó sì fi èdìdì tí gbogbo ayé gbẹ́kẹ̀ lé lù ú.

Ìtàn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ láti fi gbe èrò yìí lẹ́sẹ̀ ni ti Walmart, iléeṣẹ́ ìtajà ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Frank Yiannas, tó jẹ́ olórí ètò ààbò oúnjẹ níbẹ̀ nígbà náà, ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá oko tí máńgòrò gígé kan ti wá, ó sì gbà wọ́n ní ọjọ́ 6, wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 26. Lẹ́yìn tí Walmart àti iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM gbé àkọsílẹ̀ máńgòrò sórí blockchain, ìṣẹ́jú àáyá 2.2 ni ìdáhùn fi jáde. Wọ́n dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní Ṣáínà. Ní 2018, iléeṣẹ́ ìtajà Carrefour ṣe é fún adìẹ Auvergne ní Faransé, wọ́n sì dá BeefChain sílẹ̀ fún màlúù ní ìpínlẹ̀ Wyoming lọ́dún náà. Kò sí ẹni tó lè já ìṣẹ́jú àáyá 2.2 náà ní koro. Ohun tó yẹ kí wọ́n bi ara wọn ni ohun tó mú un yá. Ohun náà ni pé gbogbo àgbẹ̀, gbogbo ọlọ́kọ̀ àti gbogbo iléeṣẹ́ tó ń gé máńgòrò ti kọ ohun tí Walmart ní kí wọ́n kọ sílẹ̀ kí ìbéèrè tó dé, ní ọ̀nà kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Bí ìsọfúnni bá ti wà létòlétò báyẹn, ibi ìpamọ́ ìsọfúnni lásán, irú èyí tí báńkì ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, yóò dáhùn kíákíá bákan náà. Ọwọ́ agbára Walmart lórí àwọn tó ń kó ọjà fún un ni iṣẹ́ náà ti wá, àwọn ènìyàn sì lọ gbé oyè rẹ̀ fún ẹ̀rọ.

Ohun tó tẹ̀lé e tilẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere sí i. Nígbà tí ẹ̀fọ́ létùúsì láti agbègbè Yuma ní Arizona kó àìsàn E. coli ran ènìyàn 210 ní 2018, tí ènìyàn 5 sì kú, Walmart kọ̀wé sí àwọn tó ń kó ẹ̀fọ́ fún un pé kí gbogbo wọn wà lórí blockchain kí oṣù Kẹsàn-án 2019 tó parí. Ṣùgbọ́n inú omi ipadò tí wọ́n fi ń rin oko ni àwọn olùwádìí ìjọba ti rí irú kòkòrò àìfojúrí náà gan-an, ipadò náà sì ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà tí wọ́n kó màlúù tó lé ní 100,000 sí kọjá. Ẹni tó bu omi sínú ìgò tó gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ló rí i. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan tó lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìgbẹ́ màlúù lè ti wọ inú omi, nítorí kò sí ẹni tó ń kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ẹran ewúrẹ́ ni àpẹẹrẹ tó dára jù láti fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní Largo, nítorí òun ni ẹran òde Yorùbá, láti ìkómọ títí dé òkú àgbà, òun náà sì ni ẹran tí ìtàn rẹ̀ jìnnà sí ẹni tó ń jẹ ẹ́ jù lọ. Ọsirélíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran ewúrẹ́ tó ń wọ Amẹ́ríkà ti ń wá, púpọ̀ nínú àwọn ewúrẹ́ náà kì í sì í ṣe ẹran tí ẹnikẹ́ni sìn. Ewúrẹ́ inú ìgbẹ́ ni wọ́n, àtọmọdọ́mọ àwọn tí àwọn ará Yúróòpù kó dé ibẹ̀ láti 1788, tí wọ́n já lọ, tí wọ́n sì ń bí sí i ní àwọn pápá gbígbẹ ìwọ̀-oòrùn New South Wales àti gúúsù ìwọ̀-oòrùn Queensland. Àwọn olóko ibẹ̀ ń fi alùpùpù, ajá àti bàálù kékeré dà wọ́n jọ, tàbí kí wọ́n sọ ọgbà yí ibi tí wọ́n ti ń mumi ká kí wọ́n lè há wọn mọ́ ibẹ̀, kí wọ́n tó kó wọn sínú ọkọ̀ lọ sí ilé ìpẹran, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dúró ní ibùdó àkójọ tí ewúrẹ́ oko oríṣiríṣi ti dàpọ̀. Ọsirélíà ní ètò ìdánimọ̀ ẹran ọ̀sìn tó lókìkí, èyí tó sọ àmì etí tí ẹ̀rọ ń kà di dandan fún màlúù ní gbogbo orílẹ̀-èdè láti oṣù Keje 2005, tó sì mú un dé orí àgùntàn àti ewúrẹ́ oko tí wọ́n bá bí láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025. Síbẹ̀, ètò náà yọ̀ǹda ewúrẹ́ inú ìgbẹ́ tí wọ́n bá ń kó lọ tààrà sí ilé ìpẹran kúrò nínú òfin àmì etí, ìwé ìrìnnà tó bá gbogbo agbo náà lọ sì ni ẹ̀rí tó wà. Ẹran tí kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, tí kò ní olówó títí di ọjọ́ tí wọ́n mú un, kí ni wọ́n fẹ́ kọ sórí blockchain nípa rẹ̀ tí kò ní jẹ́ àbá lásán?

Láti ilé ìpẹran títí dé èbúté, àkọsílẹ̀ ẹran náà dára, ó sì yẹ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Páálí tí ewúrẹ́ dídì náà wà nínú rẹ̀ ń gbé orúkọ orílẹ̀-èdè, nọ́ńbà ilé ìpẹran àti ọjọ́ tí wọ́n dì í. Ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ìjọba Ọsirélíà ń bá a rìn. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ẹran ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní FSIS, sì ń tún un yẹ̀ wò bí ó bá gúnlẹ̀. Gbogbo èyí ń lọ láìsí blockchain. Ibi tí okùn ti ń já ni ìdí ẹ̀rọ ayùn nínú ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà á ní kí wọ́n bá òun gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n má bọ́ awọ rẹ̀. Ẹni tó dúró nídìí ayùn á ya páálí, á fa odindi ewúrẹ́ tó ti gan bí igi jáde, á gbé e sórí tábìlì irin, á sì tì í sẹ́nu ayùn títí gbogbo rẹ̀ á fi di ègé. Ègé ewúrẹ́ yìí á bọ́ sínú báàfù kan náà pẹ̀lú ti èyí tí wọ́n gé ṣáájú, wọ́n á rọ ọ́ sínú ọ̀rá, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ òṣùwọ̀n á sì tẹ àlẹ̀mọ́ tuntun jáde tó ní orúkọ ẹran, ìwọ̀n àti iye owó. Páálí tó ní nọ́ńbà lára á di títẹ̀ pọ̀, ó di inú ibi ìdalẹ̀sí lẹ́yìn ilé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo ohun tí ìjọba méjì ti fi ìṣọ́ra kọ láti òpin ayé kan dé ìkejì ti pòórá, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni yí i padà. Wọ́n jù ú nù ni. Ìmọ̀ ẹ̀rọ tí gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú dídènà ìyípadà kò ní nǹkan kan láti ṣe sí ohun tí wọ́n jù nù.

Òfin ló sì fàyè gba jíjù náà. Òfin tó ní kí wọ́n kọ orílẹ̀-èdè orísun sára oúnjẹ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ nínú òfin ọ̀gbìn ti 2002, wọ́n sì fi ẹran ewúrẹ́ àti adìẹ kún un nínú ti 2008. Nígbà tí Kánádà àti Mẹ́síkò pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ níwájú Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé tí wọ́n sì jàre, Ilé Aṣòfin yọ ẹran màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ kúrò nínú òfin náà ní oṣù Kejìlá 2015, ṣùgbọ́n ewúrẹ́, àgùntàn àti adìẹ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Àlàfo tó kù ni pé àwọn ìtajà tó ń ra èso àti ẹ̀fọ́ tó lé ní dọ́là 230,000 lọ́dún nìkan ni òfin náà mú. Ṣọ́ọ̀bù alápatà àti ìsọ̀ kékeré tí kò ra tó bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó ra ewúrẹ́ ní sùpámákẹ́ẹ̀tì ńlá ní ẹ̀tọ́ láti mọ orílẹ̀-èdè tó ti wá, ẹni tó rà á ní ìsọ̀ kékeré lè má ní in, bẹ́ẹ̀ ewúrẹ́ kan náà ni. Àwọn tó ń polongo blockchain kì í sábà mẹ́nu kan àlàfo yìí, èyí sì ni àléébù tó burú jù nínú èrò wọn: wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n wá ń dúró de ìgbà tí ẹ̀rọ yóò dé kí wọ́n tó béèrè ẹ̀tọ́.

Mímọ orísun pàápàá yàtọ̀ sí ààbò, ọ̀pọ̀ sì ni wọ́n ń da méjèèjì pọ̀. Ní oṣù Keje 2024, iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ Maryland mú ẹran ẹ̀dọ̀ lílọ̀ kan tí iléeṣẹ́ Boar's Head ṣe ní ìtajà kan, èdìdì rẹ̀ kò tíì ṣí, wọ́n sì bá bakitéríà Listeria nínú rẹ̀. Láìpẹ́, iléeṣẹ́ náà kó ẹran tó wọn nǹkan bíi mílíọ̀nù méje pọ́n-ùn padà kúrò lọ́jà. Ènìyàn 61 ṣàìsàn ní ìpínlẹ̀ 19, ènìyàn 10 sì kú. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kankan nínú orísun ẹran yìí. Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ wà lára rẹ̀, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Jarratt, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ni ó ti wá. Ohun tó tún ń ka ènìyàn lára ni pé àkọsílẹ̀ pọ̀ níbẹ̀: láàárín oṣù Kẹjọ 2023 sí oṣù Kẹjọ 2024, àwọn wolé-wolé ìjọba ti kọ ẹ̀sùn 69 sílẹ̀ nípa ilé iṣẹ́ náà, wọ́n kọ nípa èébu, nípa kòkòrò, nípa omi tó ń kán láti àjà. Kò sí ẹni tó pa ọ̀kan nínú wọn rẹ́. Wọ́n kàn ń kọ ọ́ ni, iṣẹ́ sì ń lọ, títí àwọn ènìyàn fi kú. Bí wọ́n bá ti kó ẹ̀sùn 69 náà sórí blockchain, wọn ì bá wà níbẹ̀ láìṣeé parẹ́, àwọn mẹ́wàá náà ì bá sì kú síbẹ̀. Agbára láti ti ilé iṣẹ́ pa nígbà tí ẹ̀sùn bá ti pọ̀ ni ó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, kì í ṣe ìwé.

Àwọn alátakò yóò dáhùn pé jìbìtì ni àwọn ń bá jà, kì í ṣe àìbìkítà, wọn yóò sì tọ́ka sí ẹran ẹṣin tí wọ́n tà ní orúkọ ẹran màlúù ní Yúróòpù ní 2013. Ẹ̀sùn náà lágbára, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ dé ìdí. Ẹran ẹṣin náà jáde láti ilé ìpẹran ní Ròmáníà gẹ́gẹ́ bí ẹran ẹṣin. Ọ̀nà ni ó ti di màlúù, lọ́wọ́ àwọn alágbàtà, ilé ẹjọ́ kan ní Paris sì dá àwọn kan lẹ́bi lórí rẹ̀ ní 2019. Ṣé kò yẹ kí àkọsílẹ̀ tí kò ṣeé yí padà ti dí wọn lọ́wọ́? Kò yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí alágbàtà kò nílò láti yí ohun tí Ròmáníà kọ padà. Ó lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ tuntun fún ẹrù tuntun. Àwọn aláṣẹ Faransé tilẹ̀ sọ nígbà náà pé nọ́ńbà kọ́sítọ́ọ̀mù tó wà lórí ìwé ẹrù náà jẹ́ ti ẹran ẹṣin, àwọn tó gbà á kò sì kà á tàbí wọn kò fẹ́ kà á. Ohun tó tú àṣírí náà ni pé ní oṣù Kìíní 2013, àjọ ààbò oúnjẹ ti Ireland kéde pé àwọn ti yẹ DNA, ìyẹn àmì àbínibí tó wà nínú ẹran ara, bọ́gà màlúù 27 wò, wọ́n sì bá ti ẹṣin nínú 10. Ẹran gan-an ni wọ́n bi léèrè, wọn kò bi ìwé.

Ti màlúù ní Amẹ́ríkà fi hàn bí òfin ṣe ń ṣáájú ẹ̀rọ. Ní oṣù Kejìlá 2003, wọ́n rí màlúù kan tó ní àrùn wèrè màlúù ní ìpínlẹ̀ Washington, àmì etí àti àyẹ̀wò DNA ni wọ́n sì fi mọ̀ pé Alberta ní Kánádà ni wọ́n bí i sí. Ìjọba gbìyànjú láti fi ètò ìdánimọ̀ kan lélẹ̀ fún gbogbo ẹran ọ̀sìn, àwọn olóko kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì pa ètò náà tì ní 2010. Òfin àmì etí tí ẹ̀rọ ń kà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá 2024, mú màlúù ìfúnwàrà àti àwọn màlúù tí wọn kò tẹ̀ lọ́dàá tí wọ́n ti tó oṣù 18 bí wọ́n bá ń ré ààlà ìpínlẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n akọ màlúù tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá tí wọ́n sì ń bọ́ fún ẹran, tó jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù nínú ẹran tó ń dé orí tábìlì, bọ́ kúrò nínú rẹ̀. Bí kò bá sí àmì létí màlúù, àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà kò ní ohun tí yóò so mọ́. Uruguay, tí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu kọlù ní 2001, sọ àmì etí di dandan fún màlúù kọ̀ọ̀kan ní 2006, ìjọba fún àwọn àgbẹ̀ ní àmì náà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ sí ibi kan ṣoṣo. Botswana ti ṣáájú rẹ̀: láti nǹkan bí ọdún 2000 ni wọ́n ti ń fi ohun kékeré kan tó ní ẹ̀rọ nínú sí ikùn màlúù kí wọ́n lè máa ta ẹran fún Yúróòpù, kí wọ́n tó padà sí àmì etí. Kò sí blockchain nínú ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìjọba tó múra sí iṣẹ́, owó tí kò dá kún ẹrù àgbẹ̀, àti àmì lára ẹran fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é.

Àwọn kan yóò ní ìjọba gan-an ni àwọn kò gbẹ́kẹ̀ lé, blockchain sì wù wọ́n nítorí pé kò ní olówó. Ọ̀rọ̀ yìí lè rí bẹ́ẹ̀ fún bitcoin. Èyí tí wọ́n ń lò fún oúnjẹ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí àwọn iléeṣẹ́ tó ni ín ló ń pinnu ẹni tó lè wọlé, ohun tó lè rí, àti iye tí yóò san. Ohun tí oníbàárà Largo yóò rí lórí fóònù rẹ̀ ni ohun tí ẹni tó ń tajà bá fẹ́ kó rí. Nígbà tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá sì mówó wọlé mọ́, olówó rẹ̀ lè pa á dé: TradeLens, tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun Maersk àti IBM gbé kalẹ̀ ní 2018 fún àkọsílẹ̀ ẹrù orí òkun, kógbá sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, lẹ́yìn tí wọ́n kéde pé àwọn iléeṣẹ́ yòókù kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀ tó. Ó lè wúlò níbi tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ òfin kan náà bá fẹ́ jọ pa àkọsílẹ̀ kan mọ́, tí kò sì sí ẹni tí gbogbo wọn gbà. Ẹran tó ń wọ Maryland kò sí nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, nítorí ìjọba méjì tí òfin fún ní agbára ló wà ní ìkángun rẹ̀ méjèèjì.

Àwọn kan tún ń sọ pé kí wọ́n gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ yìí lọ sílé, kí ó lè tún ọjà ẹran Nàìjíríà ṣe. Ẹni tó bá mọ ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn mọ ohun tí ìyẹn ń béèrè. Màlúù tó ti òkè Ọya wá lè ti gba ọwọ́ àwọn alágbàtà mélòó kan kọjá kó tó dé ọjà Akínyẹlé, bí wọ́n bá sì ti dúḿbú rẹ̀, kì í pẹ́ tí kò fi ní sí níbì kan mọ́: orí lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta orí, awọ di ti oníṣòwò pọ̀nmọ́, ìfun àti ṣàkì gba ọ̀nà tiwọn, itan di ti alápatà, òun náà á sì pín in fún àwọn tó ń gbà á lọ tà ní ọjà mìíràn. Ní oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí àrùn anthrax bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú pé kí wọ́n dẹ́kun jíjẹ pọ̀nmọ́ àti ẹran ìgbẹ́ ná. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, àrùn náà yọ ní oko kan ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger. Ìkìlọ̀ náà kó gbogbo pọ̀nmọ́ pọ̀ nítorí kò sí ẹni tó lè ya ti oko kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti òmíràn, èyí sì jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára pé mímọ orísun ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ẹranko tó dé oko náà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí àrùn ẹranko ní Vom, ni wọ́n fi ìdí àrùn náà múlẹ̀. Náírà tí wọ́n bá fẹ́ ná sórí blockchain, ọ̀dọ̀ irú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ló yẹ kó lọ, àti sórí àmì etí, iná mànàmáná àti omi tó mọ́ ní ilé ìpẹran.

Ní Prince George's County fúnra rẹ̀, ohun tó yẹ kó máa dun àwọn ènìyàn wà nítòsí wọn. Beltsville, níbi tí ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣe ìwádìí lórí ẹran ọ̀sìn àti ààbò oúnjẹ láti 1910, wà nínú county kan náà. Ní oṣù Keje 2025, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò kó kúrò níbẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Kò bójú mu kí àwùjọ kan máa pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀rọ tí yóò sọ ìtàn ẹran fún un nígbà tí wọ́n ń kó àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹran wò kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí àwọn Yorùbá Largo, àwọn ẹgbẹ́ ìlú wọn, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wọn gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ County ní ilé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Wayne K. Curry ní Largo, àti síwájú àwọn aṣòfin wọn ní Washington, kò le, kò sì wọ́n. Láti 2016 ni òfin FSIS ti ní kí gbogbo ìtajà tó bá ń lọ ẹran màlúù máa kọ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tí ẹran náà ti wá, ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n lọ̀ ọ́, àti ìgbà tí wọ́n fọ ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì pa ìwé náà mọ́ fún ọdún kan. Ìwé lásán tó. Kí wọ́n fẹ òfin náà dé orí ewúrẹ́, àgùntàn, ẹsẹ̀ màlúù àti ìfun tí wọ́n ń gé fún títà nínú ìsọ̀, kí ìwé àjákọ kan àti bírò máa wà nídìí ayùn, kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà ara páálí sílẹ̀ kí páálí tó di jíjù nù. Kí Ilé Aṣòfin sì mú ìdáǹdè tó wà fún ìsọ̀ kékeré kúrò nínú òfin orílẹ̀-èdè orísun, kí orúkọ Ọsirélíà tàbí ibi yòówù tí ẹran bá ti wá lè wà lójú fírísà ní lẹ́tà gàdàgbà. County kò ní láti dúró de Washington kí ó tó pín irú ìwé àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn onísọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì ní kí wolé-wolé kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà tó bá wá yẹ ìsọ̀ wò. Onísọ̀ tó bá ti ń ra ẹran lọ́nà tó tọ́ kò ní pàdánù ohunkóhun ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Èyí tó bá sì kọ̀, kí ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹni tó na owó sí i.